Alángbá Tí Inú Ń Run

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ìyá mi àgbà. Ohun tí wọ́n ń fi í kọ́ wa ni pé kí á má ṣe fojú kéré ìyà tó ń jẹ ẹnikẹ́ni, torí ohun tó wà nínú kì í hàn síta. Mo dàgbà tán kí n tó rí i pé òwe náà gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí kò dáhùn. Bí gbogbo wọn bá danú délẹ̀ bákan náà, ta ni yóò mọ èyí tí inú ń run? Ọgbọ́n wo ni yóò fi mọ̀ ọ́n? Nígbà tó bá sì mọ̀ ọ́n tán, kí ni yóò ṣe?

Ẹ lọ dúró sẹ́nu ọjà Ojúwòyè ní Múṣin ní ìdájí, kí ẹ máa wo àwọn tó ń kọjá. Obìnrin kan ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Kọ̀ńdọ́ kan rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà danfó, ó ń pe Ọ̀ṣòdì. Ọmọ ilé-ìwé kan ń sáré. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́bàá gọ́tà, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ẹ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn kan náà ni wọn yóò fún yín: "A dúpẹ́." Ẹni tí ọjà tà fún lánàá dúpẹ́. Ẹni tí lándílọ́ọ̀dù kó ẹrù rẹ̀ síta dúpẹ́. Ẹni tí kò rí oorun sùn láti ọjọ́ mẹ́rin, torí ohùn tó ń gbọ́ nínú orí ara rẹ̀, òun náà dúpẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni, mi ò sì ní kí á fi í sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ran ọmọnìkejì lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń mọ ọpẹ́ tó jẹ́ ọpẹ́ yàtọ̀ sí ọpẹ́ tó jẹ́ ìbòjú.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà yẹn mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi nílé mi ní Sùúrùlérè. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì ti kọ́ ọmọ náà nígbà tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọ̀hún kò tíì jókòó tó fi bú sẹ́kún. Òfin ni ọmọ fẹ́ lọ kà ní Yunifásítì Èkó, ní Akọkà. Máàkì JAMB rẹ̀ kò tó, Social Work ni wọ́n fún un, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ará ìlú.

"Bàbá, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí," ni ìyá wí. "Ṣé kí ọmọ mi lè máa pín ìrẹsì fún aláìní ni mo ṣe ń jí lóru lọ ra ọjà? Ta ló ń lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàánú?"

Ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n tún JAMB ṣe ni, sà?"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìbéèrè ìyá yẹn kò jẹ́ kí n sùn, torí mo ti fi ìgbà kan rí gbà pé àánú kò nílò ẹ̀kọ́, ẹlòmíràn ló sì san owó rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn nígbà tí wọ́n padà wá ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà, pẹ̀lú èyí tí mo ti rí kún un láti ìgbà náà.

Mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún wọn. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí obìnrin kan sá wọ ilé wa lóru, bùbá rẹ̀ ti ya léjìká. Ọkọ rẹ̀ ló lù ú. Ní òwúrọ̀, èmi tí gbogbo àdúgbò kà sí àgbà ránṣẹ́ pe ọkọ, mo pe bàbá méjì mìíràn mọ́ ọn, a jókòó ní pálọ̀. Mo bi obìnrin náà lójú ọkọ rẹ̀ àti lójú gbogbo wa pé, "Ṣé òótọ́ ni pé ó máa ń lù ọ́?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Inú ló bí wa, sà. Ó ti tán." Mo yìn ín pé obìnrin rere ni. Mo pa òwe fún wọn pé ahọ́n àti eyín ń jà, wọn kì í torí ẹ̀ kúrò lẹ́nu kan náà. A gbàdúrà. Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, mo sì padà wọlé pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn ẹni tó ṣe iṣẹ́ ire. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí wọ́n fi gbé e jáde nílé náà pẹ̀lú apá tó ti kán.

Inú mi mọ́ sí obìnrin yẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Síbẹ̀, ọwọ́ tèmi ni mo fi mú un padà sínú iná. Àwọn àgbà ní, ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìkà ènìyàn ni òwe yẹn ń bá wí, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ó ti yé mi pé ẹni tó ń kín ni lè má mọ̀ pé ẹ̀gún wà lọ́wọ́ òun. Ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni, kò sì wẹ ọwọ́. Ẹ̀yìn tó ń kín kò ní torí pé inú rẹ̀ mọ́ kó má ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ kò ní ṣe ohun tí mo ṣe. Kò ní bi obìnrin léèrè lójú ẹni tó ń lù ú. Yóò mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í, yóò sì fún un láyè kó dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi wá fúnra rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò dáhùn ni pé níbo ni obìnrin yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa sùn lálẹ́ òní. Ó mọ̀ pé ìgbà tí obìnrin bá ń múra láti kúrò lọ́wọ́ ọkọ tó ń lù ú gan-an ni ewu pọ̀ jù, nítorí náà kò ní pariwo ètò rẹ̀ sáàárín àwùjọ. Nǹkan wọ̀nyí kì í ti inú mímọ́ wá. Àwọn ènìyàn ti jókòó ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fi ti òní wé ti àná, kí ọgbọ́n náà tó jáde. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ní Akọkà nìyẹn, mo sọ fún ìyá: bí a ti ń fọ ẹ̀gún kúrò lọ́wọ́ kí a tó gbé e lé ẹ̀yìn ẹlòmíràn.

Ẹ̀kọ́ náà ní ẹ̀ka. Sáíkọ́lọ́jì ń wo ohun tó ń lọ nínú ẹnìkan: bó ṣe ń rántí, bó ṣe ń bẹ̀rù, ohun tó ń sún un hùwà. Sosiọ́lọ́jì ń wo agbo ènìyàn: ẹbí, ọjà, ìjọ, àdúgbò, àti bí ipò òṣì ṣe ń ti ènìyàn síbi tí kò ní in lọ́kàn láti lọ. Social Work ló so wọ́n pọ̀ tó sì sọ wọ́n di iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ń kọ́ ìṣirò iye pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣàárẹ̀, torí wọn ò rò pé aláàánú nílò ìṣirò. Ó nílò rẹ̀. Bí mo bá rí ọmọ mẹ́ta ní òpópónà kan tí wọ́n sá kúrò nílé-ìwé, ìṣirò ni yóò sọ fún mi bóyá ọ̀rọ̀ ọmọ mẹ́ta ni tàbí ọ̀rọ̀ gbogbo Múṣin. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá sì fi ohun tó rí lára ẹnìkan ṣòfin fún gbogbo ìlú, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀.

Yorùbá kò ṣàjèjì sí ẹ̀kọ́ yìí. Àwa la sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, pé kí a wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ju kí a kàn gbọ́ ẹnu rẹ̀ lọ. Àwa la tún sọ pé orí burúkú kì í wú tuuru, a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà: bó ti wù kí á tẹjú mọ́ ilẹ̀ tó, a ò lè rí i níbi tí ẹsẹ̀ tẹ̀ pé ọkàn ẹni tó kọjá dàrú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ń ṣe pẹ̀lú òwe náà. Láti 1907 ni ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú ti wà ní Yábàá, èyí tó di ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Òpópónà Harvey lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi ìfipamọ́ ènìyàn ni ju ibi ìwòsàn lọ, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì kọjá kí dókítà tó kọ́ iṣẹ́ ọpọlọ tó débẹ̀. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ ẹnìkan kò bá yé wa ní Èkó, a ó ní kí wọ́n gbé e lọ Yábàá, a ó sì rẹ́rìn-ín. Orúkọ àdúgbò wa ti di èébú lẹ́nu wa. Òfin tí ìlú fi ń bá àwọn aláìsàn wọ̀nyí lò pàápàá, láti 1916 ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wà, òfin wèrè ló sì ń jẹ́. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò rẹ̀.

Ẹnìkan wà tó fi hàn wá bí iṣẹ́ yìí ṣe lè rí nígbà tó bá dára délẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Thomas Adéoyè Lambo sí ní 1923. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó kọ́ ti ọpọlọ mọ́ ọn, ó sì padà wálé. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta ní 1954, ó lè tẹ̀lé àṣà tó rí nílùú òyìnbó: kó ti aláìsàn mọ́ wọ́ọ̀dù, kó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó yan ọ̀nà mìíràn. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n sì máa gba owó ilé. Aláìsàn yóò wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan, ó kéré tán. Wọn yóò jọ máa gbé láàárín ará abúlé, wọn yóò jọ máa se oúnjẹ, aláìsàn yóò máa lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, yóò sì padà sílé lálẹ́. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n wá jókòó ti àwọn dókítà, torí ó mọ̀ pé aláìsàn ti gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ òun.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí Lambo ṣe gan-an nìyẹn. Ìwé òyìnbó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dunjú, ṣùgbọ́n ó wo ilé tí ìwé náà yóò wọ̀. Ó rí i pé ohun tó ń wo Yorùbá sàn kò sí nínú oògùn nìkan: pé kí ènìyàn gbọ́ kí wọ́n dárúkọ òun ní òwúrọ̀, kí ó rí ọmọdé tó ń ṣeré, kí ẹbí má sì sá. Lẹ́yìn náà, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí káàkiri abúlé Ẹ̀gbá àti ìgboro Abẹ́òkúta, ìwé tó ti ibẹ̀ jáde ní 1963 sì di ohun tí gbogbo ayé ń kà. Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ọmọ Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó kọ́ ayé bí a ti ń tọ́jú ènìyàn láìyọ ọ́ kúrò láàárín ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ìgbà tí wọn ò wo ilé. Ní àwọn ọdún 1940, ìjọba amúnisìn dá ọ́fíìsì wẹ́fíà sílẹ̀ ní Èkó. Donald Faulkner ló wà nídìí rẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí àwọn ọmọkùnrin tó ń sùn sí ọjà àti gáréèjì. Nígbà tó di 1946, òfin jáde pé ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ kiri ọjà mọ́ ní ìgboro Èkó. Ìdí wà fún òfin náà: àwọn ọkùnrin burúkú ń dọdẹ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ewu náà kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n lójú ìyá ọlọ́jà, ìkiri ni ilé-ìwé tí ọmọ ti ń kọ́ owó kíkà, ìpolówó àti ọgbọ́n ìdúnàádúrà, ohun tí yóò fi jẹun títí ọjọ́ alẹ́. Ọlọ́pàá ń mú ọmọ, ìyá ń fi ìbínú lọ gba ọmọ, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ń rò pé ìyá náà kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ìyá mọ apá kan, wẹ́fíà mọ apá kan, kò sì sí ẹni tó jókòó pẹ́ tó láti gbọ́ apá kejì.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ìtàn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 ń dáàbò bo ọmọ, síbẹ̀ ẹ ó rí ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé danfó pẹ̀lú omi inú ọ̀rá ní Ìdí-Orò. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ dáadáa yóò bi í pé kí ni orúkọ rẹ, ta lo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣé o jẹun, kíláàsì wo lo wà. Yóò sì wá ìyá rẹ̀ lọ. Yóò bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ti ń bá ìyá sọ̀rọ̀, yóò mọ gbèsè tó ń dà á láàmú, kó tó wá sọ ohun tí òfin wí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní ń le koko bí ojú ẹja.

Nígbà tí mo débí yìí nínú ọ̀rọ̀ mi, ìyá ti nu omijé. Ó ní, "Bàbá, mo gbọ́. Àmọ́ báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ èyí tó dáńtọ́ nínú wọn? Bí lọ́yà bá mọṣẹ́, yóò jàre ní kóòtù, gbogbo ayé yóò rí i."

Mo sọ fún un nípa télọ̀ tó ń rán aṣọ mi ní Tẹ́júoṣó. Bí ènìyàn bá gbé aṣọ tí ẹlòmíràn rán wá bá a, kì í wo ìta rẹ̀. Yóò yí i sódì, yóò fi àtàǹpàkò tọ ojú ìrán inú láti apá dé ìbàdí. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní, "Bàbá, ìta ni oníbàárà ń rà, inú ló ń gbé aṣọ dé ọdún kẹwàá." Iṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ní inú tirẹ̀ náà, ojú ìrán mẹ́ta sì ni mo máa ń wò níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni fáìlì. Ẹni tí kò mọṣẹ́ yóò kọ ọ́ pé, "Ìyá ọmọ náà kò bìkítà." Ẹni tó mọṣẹ́ yóò kọ ọ́ pé, "Mo dé ilé náà ní aago mẹ́rin. Ìyá kò sí nílé. Aládùúgbò ní ọjà ló lọ. Ọmọ wà lójú àtẹ̀gùn, ó ń dúró dè é." Èyí àkọ́kọ́ ti dá ẹjọ́. Èyí kejì sọ ohun tí ojú rí, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún òótọ́ tí kò tíì dé. Ẹni tí yóò ka fáìlì náà lọ́dún tó ń bọ̀, bóyá adájọ́ ni, bóyá dókítà ni, ayé ọmọ kan lè gbára lé gbólóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀.

Èkejì ni àṣírí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ní ilé WARIF tí Dókítà Kemi DaSilva-Ibru dá sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò lè sọ fún ìyá tó bí i ni ó ń sọ fún òṣìṣẹ́ tí kò rí rí. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jáde sí danfó, tàbí sí ibi àpèjẹ lọ́jọ́ Sátidé, a ti tún ṣe ẹni náà léṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀kẹta ni ìpadàlọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lè lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ya fọ́tò, ìgbà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gbé àpò ìrẹsì. Ìgbà kejì kò ní fọ́tò, ìgbà kẹta ti ń súni, ìgbà kẹrin òjò ń rọ̀, mọ́tò kò sí. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àdúgbò tí mò ń gbé fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ tán: sùúrù lérè.

Mo kìlọ̀ fún ọmọ náà lórí ohun kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní orílẹ̀-èdè yìí máa ń fi owó ra máàkì, wọ́n ń pè é ní sọ́tìn. Àwọn mìíràn kì í ra nǹkan kan, ṣùgbọ́n torí pé JAMB ló fún wọn ní kọ́ọ̀sì náà, wọ́n á kàn jókòó tì í títí ọdún mẹ́rin yóò fi pé, bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì mìíràn. Mo ní, "Ọmọ mi, o lè má yan ọ̀nà yìí, àmọ́ àwọn tó wà lópin rẹ̀ kò yan ìyà tó ń jẹ wọ́n bákan náà. Lọ́jọ́ tí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ bá jókòó síwájú rẹ, máàkì tí o rà kò ní ahọ́n láti bá a sọ̀rọ̀."

Mi ò fi owó oṣù tàn án jẹ. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòji. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní ilé-ìwé Modupe Cole ní Akọkà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ara tàbí ọpọlọ wọn ní ìpèníjà, ní ilé-ìwé àwọn afọ́jú Pacelli ní Sùúrùlérè, orúkọ wọn kì í jáde nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó kọ́ ọ ti gba Ìlú Ọba lọ, wọ́n ń tọ́jú àgbàlagbà àti ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀, mi ò sì bá wọn wí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìlú tó gbà wọ́n mọ iye tí wọ́n jẹ́, àwa tí a bí wọn ń bi wọ́n pé ṣé ìrẹsì ni wọ́n ń pín.

Ọmọ náà wọlé sí Akọkà. Kò tún JAMB ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rán an jáde láti lọ kọ́ṣẹ́ lójú agbo, bí wọ́n ti ń rán gbogbo wọn. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ nǹkan nípa iṣẹ́ yìí, ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Kò dárúkọ ènìyàn, kò dárúkọ àdúgbò, èmi náà sì ti yí ohun tó yẹ kí n yí padà. Ọmọkùnrin kan wà nílé-ìwé kan tó máa ń sùn ní kíláàsì. Ọ̀lẹ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, wọ́n sì ti nà án títí. Ọmọ wa lọ sílé wọn. Ìyá àgbà kan ló bá níbẹ̀. Ó kí i, ó bi í ní ìbéèrè, ìyá àgbà ní, "A dúpẹ́." Kò rí nǹkan kan kọ sínú fáìlì ju ìyẹn lọ. Ó padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gúsí, ó bá a jókòó, ó ń bá a bó o, kò bi í ní ohunkóhun. Ìgbà kẹta, wọ́n ti bó ẹ̀gúsí náà dé ìdajì kí ìyá àgbà tó sọ̀rọ̀. Ìyá ọmọ náà wà ní yàrá inú. Ara rẹ̀ kò yá. Lóru ló máa ń dìde, tí yóò máa ṣí ilẹ̀kùn jáde sí títì. Ọmọ náà ló ń dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kí ìyá rẹ̀ má bàa jáde. Kì í sùn, ó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀ ní kíláàsì yẹn. Wọ́n ti fi pàṣán na èyí tí inú ń run, torí pé kò sí ẹni tó lọ sílé rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n ti mú ìyá ọmọ náà lọ gba ìtọ́jú báyìí. Oògùn ń bẹ, àjọṣe ẹbí ń bẹ, ọjọ́ tó dára ń bẹ, ọjọ́ tí kò dára náà ń bẹ. Fáìlì kò tíì ṣeé tì. Àkókò tí ilé-ìwé fún ọmọ wa láti kọ́ṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa tẹ̀lé òṣìṣẹ́ tó gba fáìlì náà lọ. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ.

Mo wà ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ojúwòyè ní Ọjọ́bọ̀ kan láìpẹ́ yìí, mo fẹ́ ra ata, nígbà tí ọmọ náà ti ibẹ̀ dé, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò mọ ẹni tó ń lọ wò, kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọmọ kò sì ní sọ fún un láéláé. Síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ata, ó ní, "Ẹni yẹn ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti ń le?"

"A dúpẹ́, Mọ́mì."

Ìyá kò sọ nǹkan kan. Ó fa àpótí tó fi ń jókòó sún mọ́ ọn, ó mú ọmọ rẹ̀ jókòó, ó sì wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kó lè mọ irú ọpẹ́ tó jẹ́.